Sípíkà Mẹ́rin Tó Gba Orúkọ Ọ̀gá Lẹ́nu Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ohun tó burú jù tó lè dé bá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má sọ pé àìríṣẹ́ ṣe ni. Irọ́ ni. Ohun tó burú jù ni kí oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó wò ọ́ lókè, kó wò ọ́ nílẹ̀, kó ní, "Ta ni ọ̀gá ẹ?" kí o má sì rí orúkọ kankan dá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọdún gbọọrọ. Kì í ṣe pé n kò ní ọ̀gá. Mo ní. Wọ́n wà láàyè, ilé wọn wà ní Àpáta, mo mọ ọ̀nà débẹ̀ lójú òòrùn àti nínú òjò. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má dárúkọ àwọn mọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò ṣẹ̀. Gbogbo ohun tí mo wá fẹ́ láyé lẹ́yìn náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọ̀gá mi gbọ́ òtítọ́ nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́, kí wọ́n sì tún pè mí ní ọmọ iṣẹ́ wọn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Challenge mọ́, ìbínú inú mi sì ti rọ̀ débi pé mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí láì fọ́ bírò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lẹ ní kí n sọ ti tèmi. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀sùn kan pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Agbowó ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tí òjò máa ń kọ́kọ́ rọ̀ nínú rẹ̀ kó tó rọ̀ síta. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gba ìtàn púpọ̀. Giramafóònù bàbá mi bàjẹ́, mo gbé e lọ sí Òkè Àdó, mo sì jókòó ti ẹni tó ń tún un ṣe títí tí wọ́n fi ní, "Máa lọ sílé, tàbí kí o wá kọ́ṣẹ́." Mo padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi sunkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kàwé tán, ó wá ń ru àpótí fún Alhájì!"

Alhájì Ràjí lorúkọ ọ̀gá mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n. Bàbá Ràjí là ń pè wọ́n. Àwọ̀ wọn dúdú, wọn kò ga, wọn kì í sì í pariwo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé, "Kí lo mọ̀?"

Mo yan bí ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Mo ní, "Mo mọ òfin óòmù, sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Òfin tèmi ńkọ́?"

N kò mọ ìyẹn. Ó gbà mí ní àkókò kí n tó mọ̀ ọ́n. Òfin wọn àkọ́kọ́ ni pé sípíkà kankan kò gbọ́dọ̀ bá òmíràn sọ̀rọ̀ kó tó dá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ lóun nìkan. Ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ìdí rẹ̀ fẹ́ẹ́, kí ẹ wo awọ ojú rẹ̀. Bó bá yọ síwájú bí àyà ẹni tí wọ́n kí ní "káàbọ̀", wáyà rẹ̀ tọ̀nà. Bó bá wọlé bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, wáyà rẹ̀ yípo. Bí ẹ bá so èyí tó tọ̀nà pọ̀ mọ́ èyí tó yípo, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́ lọ, èkejì á máa fà á bọ̀, ohùn ènìyàn tó yẹ kó dúró láàárín wọn á sì kú. Mo ti ka èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Bàbá Ràjí ní kí n dijú, kí n fi etí wá ibi tí ohùn náà kú sí nínú yàrá, kí n sì fi ìka tọ́ka sí i. Ìwé kan kò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Òfin wọn kejì: "Má dà wọ́n pọ̀ nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ́ sípíkà. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Àkànjí kọ́ ló jẹ́ ọmọ ìyá kan náà." Ẹ̀kẹta ni pé, bí a bá ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà tán, a ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa tọ́ orí gbogbo sùkúrù tí a fi dè wáyà. Bí ẹnìkan bá tú u lẹ́yìn wa, kútẹ́ẹ̀sì á sán, ẹjọ́ á sì yé gbogbo ayé. Ẹ fi ọkàn sí èyí, torí ibẹ̀ ni ìbínú mi ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi kì í na ọmọ iṣẹ́. Ì bá sàn kí wọ́n nà wá. Bí o bá ṣiṣẹ́ tí kò dáa, wọ́n á gbé sípíkà tí o bàjẹ́ náà síwájú rẹ, wọ́n á tan rédíò sí i, wọ́n á ní, "Jókòó tì í. Máa gbọ́ ohun tí o ṣe." O ó jókòó síbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, á máa han létí rẹ bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn, àwọn oníbàárà á máa wọlé, wọ́n á máa jáde. Ọ̀gá á máa ṣàlàyé fún wọn pé, "Ọmọ yunifásítì wa ló ń gbọ́ ìròyìn." Ojú tì mí nígbà náà. Mo ń bínú pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlù tí a fọwọ́ ara wa lù kì í dùn mọ́ni nínú bí kò bá dún, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó dún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní ìyọ̀ǹda, wọ́n di ọwọ́ mi mú níwájú àwọn òbí mi àti gbogbo ọ̀gá tó wà ní àdúgbò. Wọ́n ní, "Ẹni bá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ, sọ pé èmi ni. Bí o bá ṣe é dáadáa, èmi ni. Bí o bá bà á jẹ́, èmi náà ni." Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà nínú àpótí ìyá mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ni ìwé ẹ̀rí.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù sí tòsí wọn ní Òkè Àdó. Ọdún ń gorí ọdún. Gílóòbù kúrò nínú ẹ̀rọ, tíránsístọ̀ rọ́pò rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì dé, ó sì ń lọ. Mo láya, mo bímọ. Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan tó ń jẹ́ Bàbá Adébísí kọ́lé sí Bódìjà, wọ́n fẹ́ kí ohùn wà nínú pálọ̀. Ọ̀gá mi ní, "Ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ṣe é. Bí ẹ bá rí i, èmi lẹ rí." Mo lọ. Ámúpílífáyà kan, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, àti sípíkà onípákó méjì. Mo dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, mo so wọ́n, mo fi kútẹ́ẹ̀sì tọ́ ọ. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Adébísí àti ìyàwó wọn ní ìdúró pé, "Ẹrù tí ẹ̀rọ yìí lè gbé nìyí. Ẹ má fi nǹkankan kún un." Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ṣe rí. Ọ̀kadà tó gbé ènìyàn méjì á gun òkè Mókọ́lá. Ẹ kó ènìyàn mẹ́fà lé e, á gùn ún náà fún ìgbà díẹ̀, ariwo rẹ̀ á tilẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ ó rò pé agbára ló ń fi hàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì á jó.

Wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ìṣílé. Aládùúrà ni wọ́n, àwọn ará ìjọ wọn pọ̀ débi pé wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì níta. N kò sí níbẹ̀. Láàárín ìwàásù, èéfín yọ lẹ́yìn ámúpílífáyà, iná bọ́ sára kọ́tìnì, àwọn ènìyàn bẹ́ sóde. Bàbá Adébísí fa kọ́tìnì náà já lulẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ilé kò jó. Ọwọ́ wọn ló bó.

Ẹ̀sùn mi bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, màá sì tò ó. Èkíní, wọn kò ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ wọn fẹ́ jó àwọn mọ́lé. Èkejì, kí n tó gbọ́ rárá, wọ́n ti fi agbára fa gbogbo wáyà yọ, wọ́n ti wọ́ ámúpílífáyà sẹ́yìn ilé, sórí ààtàn. Ìgbà tí mo sáré débẹ̀, mo yí i padà, mo rí i: kútẹ́ẹ̀sì orí sùkúrù ti sán! Ẹnìkan ti tú u. Ẹnìkan ti so nǹkan mọ́ ọn. Mo gbé e lọ́wọ́, mo fi han àwọn tó wà nínú àgbàlá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọwọ́ ènìyàn bó, o ń sọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì." Ẹ̀kẹta, èyí sì ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà náà wá, mo sáré lọ bá ọ̀gá mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré."

Wọ́n ní, "Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo ti wò. Láti òní lọ, ẹni bá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, má dárúkọ mi."

Wọ́n sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá yòókù. Wọn kò pariwo.

Mo kúrò ní Òkè Àdó. Mo lọ sí Challenge, níbi tí ariwo àwọn awakọ̀ àti àwọn agbèrò kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò.

"Ẹ́ńjíníà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́?"

"Òkè Àdó ni mo ti kọ́ ọ."

"Lọ́dọ̀ ta?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ yín ná."

Ìgbà tí èmi náà ń fún ọmọ iṣẹ́ ní ìyọ̀ǹda, àwọn òbí wọn a máa retí kí n dárúkọ bàbá ńlá ọmọ wọn nínú iṣẹ́. Màá wúkọ́. Màá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ní gbogbo ọdún Iléyá, mo ń lọ kí ọ̀gá mi ní Àpáta. Àwọn ará ilé a ní, "Alhájì ń sùn." Ọkọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù á wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín á máa ti inú pálọ̀ jáde, Alhájì á sì máa sùn.

Nígbà náà ni irinṣẹ́ wa wá ń yí padà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sídíì dé, dífídíì dé. Àpótí ńlá tí ènìyàn méjì ń gbé di àpótí kékeré márùn-ún àti wúfà kan tó ń mú ilẹ̀ mì, wọ́n ní hóòmù tíátà ni, sinimá inú ilé. Mítà tó ní abẹ́rẹ́ di èyí tó ń kọ nọ́ńbà. Bùlútúùtù gba wáyà lọ́wọ́ wa. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, n kì í ṣe àgbàlagbà tó ń sunkún ayé àtijọ́. Àwọn oníbàárà ni n kò lè fara mọ́. Ẹnìkan á ra sípíkà gíga méjì tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀, á yọ ti àárín nínú hóòmù tíátà kékeré tí wọ́n fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, á gbé wúfà inú mọ́tò wọlé, á wá pè mí pé, "Ẹ́ńjíníà, wọn ò bára wọn ṣọ̀rẹ́." Ta ló fi wọ́n ṣe ọ̀rẹ́? Ṣé wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn?

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oníbàárà mi kan ní Bódìjà júwe mi fún ìyá àgbà kan, kò pè mí ju "Ẹ́ńjíníà Challenge" lọ. Ìgbà tí mo dé ẹnu géètì ni mo tó mọ ilé tí mo wà. Wọ́n ti kun ún ní àwọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n.

Màmá Adébísí fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ṣì mú. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà."

"Bàbá wọn ti lọ."

"Mo gbọ́, Mà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ṣé o ò ní jó mi mọ́lé lónìí?"

Gbogbo ìbínú àtijọ́ ru sí mi lórí. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

"Lọ síbo? Ṣé mo ní kí o máa lọ ni? Àwọn tí ò jólé rí ti wá, wọn ò rí i ṣe. Wọlé, jàre."

Mo wọlé. Ohun tí mo rí nínú pálọ̀ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí i. Màmá fẹ́ràn fíìmù, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ràn Màmá, ẹnìkọ̀ọ̀kan wá fi ìfẹ́ tirẹ̀ hàn. Èyí tó wà ní Kánádà fi sípíkà gíga méjì ránṣẹ́. Obìnrin tó wà ní Èkó gbé ti àárín wá, kékeré bí àpótí bàtà ọmọdé. Kúnlé, àkọ́bí, tó ń ta táyà ní Challenge, gbé wúfà ńlá kan wá. Ti ẹ̀yìn ni sípíkà onípákó Bàbá, àwọn méjì tí mo fi ọwọ́ ara mi so nígbà kan. Ẹni tó bá sì ti wá kí Màmá lọ́dún á yí ẹ̀rọ náà kí tirẹ̀ lè dún ju ti àwọn yòókù lọ.

Màmá ní, "Gbọ́, Ẹ́ńjíníà. Mo ń rí ẹnu wọn, mi ò gbọ́ èébú wọn. Ìyàwó ilé dìde, ó nawọ́ sí ìyá ọkọ, gbogbo ilé ń mì tìtì, mi ò sì mọ ohun tó sọ! Ṣé fíìmù nìyẹn? Àwọn ọmọ ní etí mi ló ń di. Etí mi ò di. Mo gbọ́ nígbà tí o ń mí èémí ìbínú lẹ́nu géètì."

Mo rẹ́rìn-ín, bí n kò tilẹ̀ fẹ́.

Mo tú gbogbo wọn, mo gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Sípíkà gíga ọwọ́ òsì fa ikùn rẹ̀ sínú: wáyà rẹ̀ yípo, òun ló ń pa ohùn àárín. Ti àárín náà kò lágbára, ọmọdé tó wà láàárín akọ màlúù méjì ni. Mo sọ fún Màmá pé àwọn mẹ́ta iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, torí ọ̀rọ̀ ń rìn láti ẹnu ọ̀kan bọ́ sí ẹnu èkejì, kò sì yẹ kí ohùn ènìyàn yí padà nígbà tó bá rìn láti ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé.

"Kí n wá yọ ti ọmọbìnrin mi dànù? O fẹ́ kó pè mí láti Èkó kó máa sunkún?"

"A ò ní yọ ọ́ dànù, Mà. Yàrá yín ló ń lọ. Òun ló máa máa sọ̀rọ̀ sí yín létí kí ẹ tó sùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti Bàbá ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ti Bàbá. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ẹ̀yìn ni wọ́n máa wà. Òjò inú fíìmù ni kí wọ́n máa rọ̀."

Mo wá ọmọ ìyá àwọn gíga méjì náà kiri Dùgbẹ̀ títí mo fi rí i lọ́wọ́ onítòkunbọ̀ kan. Mo pààrọ̀ ámúpílífáyà sí èyí tó lè gbé gbogbo wọn láì sunkún. Ẹ̀rọ tuntun yìí ní gbohùngbohùn kékeré kan tí ẹ ó gbé sórí àga tí ẹni tó ni ilé máa ń jókòó sí. Ẹ̀rọ á wá máa súfèé láti inú sípíkà kọ̀ọ̀kan, á sì fúnra rẹ̀ mọ èyí tó jìnnà, èyí tó ń pariwo jù, èyí tí wáyà rẹ̀ yípo. Ohun tí Bàbá Ràjí fi ọdún mélòó kan kọ́ mi ló ṣe nígbà tí Màmá ń mu tíì. Ǹ bá fẹ́ sọ fún yín pé ẹ̀rọ náà ṣìnà. Kò ṣìnà. Etí mi àti òun fohùn ṣọ̀kan, ara sì tù mí gan-an pé mo kọ́ òtítọ́.

Màmá tan fíìmù. Obìnrin kan yọ lójú tẹlifísọ̀n, ó la ẹnu. Màmá sún mọ́ iwájú lórí àga.

"Hẹn! Ohun tó ń sọ látọjọ́ yìí nìyí? Ó mà ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ o!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ́ńjíníà, jókòó, jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe máa parí rẹ̀."

Ibi tí a ti ń gbọ́ bó ṣe máa parí ni Kúnlé ti wọlé, ọkùnrin ńlá tó ti ń hewú, sípíkà kan lábẹ́ apá ọ̀tún, òmíràn lábẹ́ apá òsì.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Ẹ́ńjíníà! Ó mà ń dún! Ẹ jẹ́ ká fi méjì yìí kún un, ká gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Mo ní, "Rárá o. Ẹ má so nǹkankan mọ́ ọn."

"Ẹ má dààmú, ẹ jókòó, mo mọ̀ ọ́n ṣe." Ó ti fi eyín bó wáyà, ó ti ń tẹ̀ lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. "Ojú ibi tí ti iwájú wà náà lẹ máa kì í bọ̀. Ọjọ́ ìṣílé wa ńkọ́? Ṣebí èmi náà ni mo so mẹ́rin mọ́ ọn fún àwọn tó wà lábẹ́ kánópì!"

Obìnrin inú fíìmù ń purọ́ lọ. Màmá gbé rìmóòtù, wọ́n pa á.

"Kúnlé. Kí lo sọ?"

"Mo ní mo so mẹ́rin mọ́ ọn lọ́jọ́ ìṣílé. Àwọn tó wà níta ò gbọ́ ìwàásù, mo kó ti yàrá mi jáde."

"Lẹ́yìn tí ọkùnrin yìí ti ní ká má fi nǹkankan kún un?"

"Mi ò sí nílé nígbà tí Bàbá Ẹ́ńjíníà sọ bẹ́ẹ̀, Mà. Ṣùgbọ́n ó dún dáadáa o!" Ó wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀. "Ó dún dáadáa kó tó jó."

Mo ti ka ọ̀rọ̀ tí màá sọ lọ́jọ́ yìí sórí fún ọdún gbọọrọ, ẹ̀sùn mi kìíní, ìkejì, ìkẹta, bí agbẹjọ́rò. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo jókòó sórí wúfà, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi kò ju "Ọlọ́run, o ṣeun" lọ. Kúnlé kò mọ ohun tó ṣe. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà àti òkè Mókọ́lá fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà, títí tó fi gbé sípíkà méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin sílẹ̀.

"Ọwọ́ Bàbá," ló wí.

Màmá ní, "Ọwọ́ Bàbá ti jinná kí wọ́n tó lọ. Ti ẹni yìí ni kò jinná." Wọ́n kọjú sí mi. "Níbo ni Alhájì ń gbé báyìí?"

"Àpáta, Mà."

"Kúnlé, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Ọ̀gá mi wà lórí àga nínú pálọ̀ wọn, wọ́n ti gbẹ, fìlà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọn kò lè sùn fún mi lọ́jọ́ yẹn, torí Màmá kò béèrè bóyá wọ́n jí kí wọ́n tó wọlé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá Ràjí ní, "Mẹ́rin?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ojú kan náà?"

"Ojú kan náà, sà."

"Wáyà wo lo fi so ó?"

"Ti gílóòbù ilé, sà. Èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kọ́lé."

"Lá ìláhà ìlàláhù." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wá mi pẹ̀lú ojú títí wọ́n fi rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"O ní kí n wá wò ó lọ́jọ́ náà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mi ò wá."

"Ẹ ò wá, sà."

N kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Bó ṣe rí nìyẹn, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ọmọ wọn tó ń tọ́jú wọn gbé omi tútù wọlé. Kò mọ̀ mí rí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún Màmá àti Kúnlé, ó wá wò mí níbi tí mo dúró sí, ó ní, "Bàbá, àlejò wo ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí?"

"Kì í ṣe àlejò," ni ọ̀gá mi wí. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Gbé rédíò mi fún un, ó ti pẹ́ tó ti ń hó."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, mo ti pé ẹni tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń lọ yunifásítì. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá kọ́ṣẹ́. Mo yá sùkúrúdíráfà Kúnlé láti inú ọkọ̀. Ìdọ̀tí lásán ló wà níbi tí wọ́n fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè sílẹ̀. Mo fẹ́ ẹ, mo fi aṣọ nù ún, mo dè é padà, mo gbé e fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n gbé e sétí. Wọ́n yí i sókè. Wọ́n yí i sílẹ̀. Wọ́n dijú.

"Ó ṣì kù díẹ̀," ni wọ́n wí. "Tún un tú."

Mo tún un tú.